Ilé Ìdárayá Kékeré ní Ìlú Festac

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó ń sanwó kí ó tó làágùn. Àgbẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, obìnrin a máa gún iyán, a sì máa pọn omi láti odò, àwọn ọmọdé a sì máa ja ìjàkadì nínú òṣùpá. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá òde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń jókòó nínú ọkọ̀, tí ó ń jókòó ní ibi iṣẹ́, tí ó sì tún ń padà wá jókòó sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Àìlo ara yìí wà lára ohun tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà ni ilé ìdárayá, tí àwọn ará Èkó ń pè ní jíìmù, fi di iṣẹ́ tí ènìyàn lè jẹun nídìí rẹ̀.

Ìlú Festac, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, yẹ fún irú iṣẹ́ yìí. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ fún àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà, àwọn ìdílé ni ó kó sínú àwọn ilé náà. Ṣùgbọ́n ilé gbígbé ni wọ́n, wọn kì í ṣe ilé ìṣòwò. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ yàrá ìsàlẹ̀ di ilé ìdárayá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé àti lọ́wọ́ ìjọba, kí ó sì rántí pé ẹni tí ń gbé òkè lè máa sùn lọ́wọ́ nígbà tí orin bá ń dún ní ìsàlẹ̀. Aládùúgbò tí a bá mú bínú lónìí lè ti ilé ìdárayá pa lọ́la.

Ohun kejì ni àkókò. Púpọ̀ nínú àwọn ará Festac ni ó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó àti ní Àpápá. Wọn a tètè jáde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 2, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Irú àwọn wọ̀nyí kò lè wá ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọlọ́gbọ́n a ṣí ilẹ̀kùn ní agogo márùn-ún ìdájí fún wọn, a sì tún ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Láàrin méjèèjì, a gba àwọn ìyá tí ó ti sin ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́, àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Kò sí ìdí láti fi gbèsè bẹ̀rẹ̀. Ẹní, okùn ìfò àti irin kéékèèké tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Yóga, tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, kò tilẹ̀ béèrè ju ẹní àti ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlẹ́sìn kan bá ń kọminú sí i, kí olùkọ́ ṣàlàyé gbangba pé mímí àti nína ara ni òun ń kọ́ni. Ìfura a tú ká níbi tí àlàyé bá wà.

Ìṣirò ni ó ń mú iṣẹ́ dúró. Bí a bá wí pé owó ilé jẹ́ ₦1,200,000 ní ọdún, ₦100,000 ni ti oṣù kan. Bí olùkọ́ méjì bá ń gba ₦200,000, tí iná àti epo jẹ́ ₦120,000, tí àtúnṣe jẹ́ ₦30,000, tí ìpamọ́ sì jẹ́ ₦50,000, gbogbo rẹ̀ di ₦500,000. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń san ₦12,500 ní oṣù, ogójì ènìyàn ni yóò kájú ìnáwó yìí. Láti orí ẹni kọkànlélógójì ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti kọsẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún, èrò a ya wọlé, àwọn mìíràn a sì san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò gbọ́n a pe owó náà ní èrè, a fi ra aṣọ, a fi ṣe àríyá. Kò mọ̀ pé gbèsè ni: iṣẹ́ oṣù méjìlá ni òun jẹ àwọn tí ó san án. Nígbà tí onílé bá dé, tí owó ilé ọdún kan pé, kò ní sí nǹkan nílẹ̀. Owó nǹkan pàápàá kì í dúró sójú kan: ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, owó iná mànàmáná àwọn kan sì lé sí i ní ọdún 2024. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ìlú Èkó pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà. Ìpamọ́ ni ó ń gba oníṣòwò là ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pípa oníbàárà mọ́. Bí ènìyàn márùn-ún bá ń lọ ní oṣooṣù, ọgọ́ta ènìyàn tuntun ni a óò wá láàrin ọdún kan kí iye wọn má bàa dín. Ó rọrùn ju èyí lọ láti mọ orúkọ ẹni tí ó wà nílẹ̀, láti béèrè rẹ̀ bí a kò bá rí i fún ọ̀sẹ̀ kan, àti láti wádìí bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí a tó gbé irin lé e lọ́wọ́. Kí olùkọ́ má sì purọ́ pé ikùn ńlá yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí a bá tàn jẹ kì í padà wá, a sì máa ròyìn fún ẹlòmíràn.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí ara kì í ti í le ní ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí a fi ń mú ara le kì í gbèrú ní ọjọ́ kan. Sùúrù, òótọ́ àti ìwé ìṣirò ni ìpìlẹ̀ méjèèjì.