Ṣé 240 tó láti wọ Unilorin?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ SS3 kan ní Ọ̀sí bi mí pé, "Bàbá, mo gba 240 nínú JAMB. Ṣé Unilorin máa fún mi ní mẹ́dísìn?"

Máàkì nìkan ò lè dáhùn ìyẹn. 150 tí JAMB fi lélẹ̀ fún yunifásítì ní 2025, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ya 45 sọ́tọ̀ fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ agbègbè rẹ̀, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ ò tíì gbèrú tó. Ní Ìlọrin, ọmọ Kwara ní ìpín nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ Ọ̀tùn-Èkìtì, tí òun àti ọmọ Ọ̀sí jọ ń sọ Yorùbá, ò sí nínú 20 yẹn. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èdè.

Síbẹ̀, àwọn tó ń du mẹ́dísìn pọ̀ ju àyè lọ. Mo ní kó wádìí máàkì tí wọ́n fi gba ọmọ Kwara lọ́dún tó kọjá, kó sì ní kọ́ọ̀sì kejì tó lè fi tọkàntọkàn kà. Ìrètí dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa ṣírò rẹ̀.