Ṣé O Mọ̀? Ọ̀rọ̀ Dráìfù Tí Ara Rẹ̀ Ń Gbóná

Ẹ̀rọ tó ń gé irin dákẹ́ lójijì, aláàmù hàn lójú rẹ̀ pé ooru ti pọ̀ jù. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá lanu á ní kí wọ́n ra servo drive mìíràn, ìyẹn àpótí tó ń bu iná fún motor, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dráìfù. Dúró ná, gbọ́ ìwọ̀nyí kí owó tó jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà "servo" bá ẹrú tan? Servus ni ẹrú lédè Látìn. Ní 1873, Joseph Farcot, ẹnjiníà ará Faransé, gbé ìwé jáde lórí servo-moteur, ẹ̀rọ tó ń fi agbára omi híhó darí ọkọ̀ òkun. Ẹrú kì í kọ iṣẹ́. Bí nǹkan bá di motor mú, kò ní dúró. Á máa fa iná sí i títí ara rẹ̀ á fi gbóná.

Ṣé o mọ ibi tí ooru inú dráìfù ti ń wá? Tíránsísítọ̀ ibẹ̀ ń ṣí, ó ń tì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láti gé iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún motor. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí tàbí tó bá tì ni ooru díẹ̀ ń jábọ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí iná inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin? James Joule ló tẹ òfin yìí jáde ní 1841. Motor tó ń fa áńpù 6 tẹ́lẹ̀, tó wá ń fa 12, kì í ṣe ẹrù méjì ni wọ́n dì fún un, mẹ́rin ni.

Ṣé o mọ̀ pé 40°C tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ dráìfù kì í ṣe ooru ìta? Afẹ́fẹ́ inú àpótí irin tí wọ́n gbé e sí ni. Bí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn bá mú 34°C wá, tí àpótí sì fi 10 kún un, dráìfù ti kọjá ààlà kó tó gbé ẹrù kankan.

Ṣé o mọ̀ pé Jos, fún gbogbo òtútù rẹ̀, lè ni dráìfù lára? Ìlú náà ga ju 1,000 mítà lọ, láti 1,000 mítà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe dráìfù ti ń ní kí a dín ẹrù rẹ̀ kù. Afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́, kì í gbé ooru lọ bíi ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ooru ń jẹ ọjọ́ ayé kápásítọ̀, èyí tó ń kó iná pa mọ́ nínú dráìfù? Bí 10°C bá gorí ooru tó wà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Èyí tí ìbá lo ọdún mẹ́wàá á lo márùn-ún.

Ṣé o mọ̀ pé fáànù àpótí lè máa yí kí atẹ́gùn má kọjá? Eruku ọyẹ́ tó pò mọ́ ọ́ìlì ti dí fíltà pa. Ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, gbé e sí ẹnu fíltà níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó dára. Bó bá yọ̀ bọ́ sílẹ̀, o ti rí ẹni tó ṣẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé fífẹ́ eruku dànù lè ba fáànù jẹ́? Atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á mú un yí ju agbára béárìn rẹ̀ lọ. Fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dá a dúró kó o tó fẹ́ ẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ṣíṣí ilẹ̀kùn àpótí kó o sì gbé fáànù ilé sí i lẹ́nu, gbèsè ni? Ooru á rọ̀ lónìí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eruku irin tó ń wọlé lè so iná pọ̀ níbi tí kò yẹ lọ́la.

Ṣé o mọ̀ pé aláàmù ooru kì í ṣe ẹyọ kan? Nínú púpọ̀ ẹ̀rọ FANUC ti Jàpáánì, 430 ní motor ló gbóná. 444 ní fáànù dráìfù ti kọṣẹ́. 436 ní tirẹ̀ kò fọwọ́ kan ooru rárá, ìṣirò ló ṣe. Ó ka iye iná tí motor ti ń fà àti bó ti pẹ́ tó, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó o fi lè fọwọ́ kan motor kó tutù, kí aláàmù má sì parọ́.

Ṣé o mọ̀ pé irọ́ náà sì wà? Ẹ̀rọ sùn mọ́jú, o tan án láàárọ̀, kò tíì mira, ó ti ń ké pé òun gbóná. Wo wáyà sẹ́ńsọ̀ ooru. Nínú irú sẹ́ńsọ̀ kan, wáyà tó já àti ooru àpọ̀jù, bákan náà ni dráìfù ṣe ń rí wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn tí ń wọn ooru láìfọwọ́kàn kì í ríran dáadáa lára irin tó ń dán? Á pe ohun tó gbóná ní tútù. Lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn, jẹ́ kó gba ooru irin, kó o tó wọ̀n ọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé motor tó dúró sójú kan náà lè gbóná? Tí o bá gbọ́ tó ń kùn hùn-ùn láìlọ síbì kan, àtúntò rẹ̀ (tuning) ti le jù. Ó ń jìjà lọ sí ọ̀tún àti òsì láìdúró.

Ṣé o mọ ọ̀nà tó yá jù láti mọ ẹni tó jẹ̀bi, irin ni tàbí iná? Tú motor kúrò lára irin tó ń yí, kó o sì jẹ́ kó yí lófìfo. Bó bá ṣì ń gbóná bíi ti àtẹ̀yìnwá, iná tàbí motor fúnra rẹ̀ ni. Bó bá fúyẹ́, lọ wá gírísì tó gbẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, fi òpó gbé e ró ná, kó má baà já lé ọ lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé pípa iná kò tíì pa iná? Láti ara iná 400 fólítì, nǹkan bíi 565 fólítì ló ń kó jọ sínú kápásítọ̀. Dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára dráìfù, kó o sì wọ̀n ọ́n kó o tó kàn án.

Ṣé o mọ̀ pé motor tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ sábà máa ń ní bíréèkì nínú, tó ń fi iná 24 fólítì ṣí? Bí wáyà rẹ̀ bá bó, tí kò sì ṣí tán, motor á máa wọ́ bíréèkì lọ wọ́ ọ bọ̀ ní gbogbo ọjọ́. Fetí sí i nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ mira: ó yẹ kó dún kọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣé o mọ ohun tó ń mú ká máa bẹ́ ẹ ṣáá? Dráìfù tuntun ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: fáànù rẹ̀ mọ́, kápásítọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Bíréèkì tó di motor mú kò gbọ́ pé ẹ ti náwó.