Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Falẹ̀ Lọ́sàn-án: Ẹ Wo Ooru Ara Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó



Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo ìhà gúúsù Èkìtì, láptọ́ọ̀pù ti di ohun èlò ilé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní BOUESTI, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, ń fi í kàwé. Àwọn òbí ń fi í gbọ́ tafsíírì. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan sì ti ń lo Linux, irú bíi Ubuntu, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀rọ náà ń yára láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ẹnì kan á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹlòmíràn á ní ó ti gbó, kí bàbá lọ ra òmíràn. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé kí á wádìí kí á tó dájọ́, kò sì fẹ́ kí á fi owó ṣòfò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ooru lásán ni.

Kí ló ń mú un falẹ̀?

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná. Irin kan ń gbé ooru náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, fáànù á sì fẹ́ ẹ jáde. Bí ooru kò bá ráyè jáde, tó sì dé òpin tí wọ́n fi sí i, tó jẹ́ nǹkan bíi 100°C nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel, prósẹ́sọ̀ á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Bí ẹni tó ru iṣu bọ̀ láti oko lọ́sàn-án gangan ni: ó ń rọra rìn kó má baà ṣubú ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ooru náà bá tún ń ga sí i, ẹ̀rọ náà lè kú lójijì.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, eruku ọyẹ́ àti ti ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí máa ń dí ihò fáànù. Yàrá abẹ́ páànù máa ń gbóná. Àwọn ọmọ máa ń gbé ẹ̀rọ lé orí bẹ́ẹ̀dì, ihò abẹ́ rẹ̀ á sì dí pátápátá. Nínú tòkunbọ̀, péésìtì tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń gbé ooru lè ti gbẹ.

Bí a ṣe lè mọ̀ lórí Linux

Lórí Ubuntu, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ ìwọ̀nyí níkọ̀ọ̀kan:

sudo apt install lm-sensors
sensors

Èkejì á sọ bí ara ẹ̀rọ ṣe gbóná tó. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, kí ẹ tún kọ ọ́ nígbà tó bá ń falẹ̀. Láti mọ eré tí prósẹ́sọ̀ ń sá:

watch -n 1 "grep MHz /proc/cpuinfo"

Lórí Intel, ẹ tún wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà:

sudo dmesg | grep -i throttl

Bí ẹ bá rí "throttled" pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "temperature" níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ti jẹ́rìí fúnra rẹ̀ pé ooru ló mú òun dín eré kù.

Bí ooru bá sún mọ́ 100°C tí MHz sì ń já wálẹ̀, ooru ni. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ṣùgbọ́n tí MHz dúró sí nǹkan bíi 400 tàbí 800 nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, ẹ yẹ ṣájà wò: àwọn láptọ́ọ̀pù Dell kan máa ń dín eré kù bí wọn kò bá dá ṣájà mọ̀. Bí méjèèjì bá dára, ẹ wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn, bíi mẹ́mórì tó kéré tàbí díìsìkì tó ti gbó.

Àtúnṣe

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò gba owó. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ pa àwọn ojú ewé tí ẹ kò lò. Nínú Settings, lábẹ́ Power, ẹ yan Power Saver. Ẹ ṣe iṣẹ́ tó wúwo lẹ́yìn ìrun Súbúhì, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútà-ṣe. Ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín sí fláàṣì. Ẹ sọ fún un pé kó gbá eruku inú fáànù, kó sì pààrọ̀ péésìtì. Kó pa ẹ̀rọ náà, kó yọ bátìrì, kó sì di abẹ fáànù mú kó má baà yí nígbà tó bá ń fẹ́ eruku. Kó má lo aṣọ tútù.

Bó bá parí, ẹ tẹ sensors lójú rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà tuntun wé ti àkọ́kọ́. Bó bá wálẹ̀, iṣẹ́ ti yọrí, ẹ san owó rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ ní ẹ̀rí tí ẹ ó fi bi í léèrè láìsí ìjà. Amáánà ni iṣẹ́ ọwọ́. Nọ́ńbà yìí ń dáàbò bo oníṣẹ́ àti oníbàárà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, kó sì bá wa ṣọ́ dúkìá wa. Áámín.