Igi Tó Fì Sápá Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé: Ewu Rẹ̀ àti Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe

Ní Alajue, ní ìlú Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, igi kò jìnnà sí ilé. Mángòrò wà lójúde, àgbọn àti ọ̀pẹ wà lẹ́yìnkùlé, abẹ́ odán tàbí dóńgóyárò sì ni àwọn àgbà ti ń gba atẹ́gùn lọ́sàn-án. Ìbùkún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá fì sọ́nà òrùlé tí ènìyàn ń sùn lábẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ tí onílé gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí òjò àkọ́rọ̀ oṣù Ẹrẹ́nà tó dé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2017, ìjì òjò wó igi ńlá kan lu àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta ní Kintampo, orílẹ̀-èdè Gánà. Ó lé ní ènìyàn 15 tó kú, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí, ọdún 2023, òjò òun ìjì wó igi àràbà ńlá tó wà láàárín ìlú Freetown, ní Sàró, igi tó ti wà níbẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé kò lè wó láéláé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òjò òun ìjì ni igi sábà máa ń dúró dè? Gbòǹgbò igi kò jìn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í rì ju mítà kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń nà sí. Níbi tí yangí bá sì wà lábẹ́ erùpẹ̀, kò tilẹ̀ lè rì tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ á rọ̀, erùpẹ̀ kò ní lè di gbòǹgbò mú dáadáa mọ́, omi á sì tún wúwo lórí ewé. Bí ìyára atẹ́gùn bá wá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti igi á di ìlọ́po mẹ́rin. Igi tó dúró ṣánṣán pín ìwúwo rẹ̀ yí ìdí ká. Èyí tó fì ti kó ti rẹ̀ sápá kan tẹ́lẹ̀, ìjì kàn ń fi kún un ni. Igi tútù tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Páànù àti ògiri alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Òwe kan sọ pé igi tí a fẹ̀yìn tì tí kò gba ni dúró, bó bá wó lu ni, kò lè pa ni. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni òwe náà ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi gbẹ́kẹ̀ lé mángòrò ẹ̀yìnkùlé.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo igi tó fì ló léwu. Igi tó ti kékeré fì nítorí pé ó ń wá ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti kọ́ ara rẹ̀ láti dúró bẹ́ẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ ti nípọn láti fà á mú, orí rẹ̀ sì sábà máa ń yí padà sókè, tí ìtì rẹ̀ á rí bí ọrun. Àgbọn tó tẹ̀ báyìí lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èso tó ń já lulẹ̀ ni ewu tirẹ̀ tó súnmọ́ jù. Èyí tó yẹ kó ba ni lẹ́rù ni igi tó dúró ṣánṣán lọ́dún tó kọjá, tó sì fì lọ́dún yìí láti ìdí dé orí bí òpó tí wọ́n tì. Ẹ lọ sí ìdí rẹ̀ ní apá tó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó fì sí. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti sán, tàbí tó wú sókè bí ebè, gbòǹgbò ti ń tú nìyẹn. Olú tó hù nídìí igi fi hàn pé inú rẹ̀ ń jẹrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi tó ń dún bí ìlù nígbà tí a bá fi òòlù kàn án.

Ọwọ́ ènìyàn ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. A gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri, a gbẹ́ ṣáláńgá, a la ojú àgbàrá, a sì gé ìdajì gbòǹgbò igi láìmọ̀. Ẹlòmíràn á dáná sí ìdí igi kí ó lè kú fúnra rẹ̀. Yóò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò dúró ní gbígbẹ títí di ọjọ́ tó bá wù ú. Ìṣòro mìíràn tún wà níbi tí ilé tuntun ti ń wọ inú oko kòkó àti obì àtijọ́. Igi tó dàgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ga, á sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí àwọn yòókù ló ń gba ìjì fún un. Nígbà tí a bá gé wọn tán tí a fi òun nìkan sílẹ̀ fún ibòòji, ìjì tí kò mọ̀ rí ni yóò máa kò lójú.

Onílé lè fúnra rẹ̀ ṣọ́ igi rẹ̀. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi kọ́ ara igi níbi tí ọwọ́ tó lókè, ní apá tó fì sí, kí òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín òkúta àti ìdí igi, kí ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ojú kan náà. Bí àlàfo bá ń pọ̀ sí i, igi náà ń lọ. Láti mọ ibi tó lè dé bó bá wó, ẹ wá ọ̀pá tó gùn tó láti ojú yín dé ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá na apá tán. Ẹ dì í mú nísàlẹ̀ lóòró, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ igi, kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí ọ̀pá náà yóò fi bo igi láti ìdí dé orí. Láti ẹsẹ̀ yín dé ìdí igi ni gíga rẹ̀. Ilé tó bá wà láàárín ìwọ̀n yẹn, ní apá tí igi fì sí, wà nínú ewu. Ìjì òjò ilẹ̀ wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà igi tó wà ní ìlà-oòrùn ilé tó sì fì sí ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń díjú gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni igi. Nínú àṣà wa, ẹni tó gbin igi ló ni ín, ìbáà jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀. Obì tí bàbá àgbà gbìn lè jẹ́ ti gbogbo ọmọ ilé, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì ti di títà. Ayálégbé tó ń sùn lábẹ́ ewu kò láṣẹ láti gé e, ẹni tó láṣẹ sì lè máa gbé ní Èkó. Ẹ má jẹ́ kó di ìjà. Ẹ ya àwòrán igi náà, kí ẹ kọ̀wé tó ní ọjọ́ sí olórí ẹbí, kí ẹ fún baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn onílé ní ẹ̀dà, kí ẹ sì mú ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrókò tàbí igi gẹdú mìíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ igi tí wọ́n ń bọ, àwọn tó ni ín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Dídín ẹ̀ka kù lápá tó fì sí lè tó, láìgé igi náà.

Ẹ má fi gígé rẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀dọ́ tó kàn ní àdá. Ara igi tó fì ti fà le. Bí a bá gé e lódì, ìtì rẹ̀ lè là sókè lójijì kó sì gbá ẹni tó ń gé e. Agégi tó mọṣẹ́ ni kí ó ṣe é, láti orí wá sílẹ̀ ní ègé ègé. Títí tí yóò fi dé, kí àwọn ọmọdé àti arúgbó kó lọ sùn ní yàrá tó wà ní apá kejì ilé nígbà tí òjò bá ṣú.

Bí igi bá wó lu wáyà iná, ẹ jìnnà sí i tó mítà 10 ó kéré tán, nítorí ilẹ̀ tó tutù náà lè gbé iná. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112 àti ilé iṣẹ́ tó ń pín iná. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀ka tàbí wáyà náà nítorí pé iná kò sí ládùúgbò lásìkò yẹn. Iná tó lọ lè dé nígbàkígbà.