Ṣé Oòrùn Ló Ń Gbóná Sí I?

Láti Ìjàn-Èkìtì ni a ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà tó ń ti oko bọ̀ lọ́sàn-án níbí máa ń sọ pé oòrùn ìsinsìnyí kì í ṣe oòrùn àtijọ́. Ooru tí wọ́n ń sọ kì í ṣe irọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ooru mú ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà débi pé ó ń rí lára ènìyàn bí ìwọ̀n 50°C, nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò rẹ̀, wọ́n ní àyípadà ojú ọjọ́ ló fi nǹkan bíi 4°C kún un.

Ṣùgbọ́n ṣé oòrùn fúnra rẹ̀ ló yí padà? Ìbéèrè gidi ni. Láàárín nǹkan bí ọdún 11, agbára oòrùn máa ń gòkè, á sì tún wálẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000. Láti ọdún 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà náà, agbára náà kò lé sí i, ó tilẹ̀ dín díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ayé ń gbóná lọ.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti òru. Ká ní oòrùn ló fà á ni, ọ̀sán ni ì bá máa gbóná sí i jù. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1950, òru ló yára gbóná ju ọ̀sán lọ kárí ayé. (Ẹni tí iná lọ mọ́ lórí lóru oṣù kẹta mọ ohun tí mò ń sọ.) Afẹ́fẹ́ òkè réré sì ń tutù nígbà tí tìsàlẹ̀ ń gbóná, oòrùn ì bá mú méjèèjì gbóná pọ̀. Bí ìgbà tí a da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ayé ni: carbon dioxide, èéfín èédú àti epo, ni kì í jẹ́ kí ooru jáde. Nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́, 280 ni tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní 420 báyìí.

Bí a bá di ẹ̀bi ru oòrùn, kò sí ẹni tí a ó bi. Bẹ́ẹ̀, gbogbo Áfíríkà pọ̀ kò tú tó ìdá 5 nínú 100 èéfín yìí síta lọ́dún, àgbẹ̀ oníkòkó wa ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Àwọn kan á ní ká dúró kí oòrùn rọlẹ̀. Ó ti rọlẹ̀ rí, láti 1645 sí 1715. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé kò ní mú ayé tutù tó ìdajì ìwọ̀n kan. Lọ́dún 2024 nìkan, ayé fi nǹkan bí 1.5°C gbóná ju bó ṣe wà kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú.