Títo Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ ti Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tí ó bá ti Westchase nílùú Houston wakọ̀ lọ sí Galveston yóò rí ọkọ̀ ojú omi lọ jàra, ẹ́ńjìnnì so mọ́ ìdí wọn. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gbé èrò kọjá omi ní Ẹ̀pẹ́, ní Àgbádárìgì àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, èrò a sọ̀ kalẹ̀, wọn a tì í. Ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀ láàárín ọ̀sà?

Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó dàgbà ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di ọjà ní Milwaukee ní 1909. Agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin kan àbọ̀ lọ. OMC, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe Evinrude àti Johnson, wọ gbèsè ní 2000. BRP, tí ó ń ṣe Evinrude lẹ́yìn wọn, dáwọ́ dúró ní 2020. Àtúnṣe nìkan ni ó kù tí ó lè mú àwọn tí ó wà nílẹ̀ pẹ́.

Títú u kò ṣòro. Títò ni iṣẹ́ wà. Bí a bá ti ń tú u ni kí a ti máa sàmì: èyí ti òkè, èyí ti ìsàlẹ̀, kí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú kanẹ́tìn rọ́ọ̀dù, apá tí ó so písítìnì mọ́ kráńkì. Nínú púpọ̀ nínú àwọn Johnson àti Evinrude àtijọ́, odindi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n tó pa ìdérí rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ẹni pa obì. Ojú ibi tí ó ti pín kò lè bá òmíràn mu. Ẹni tí ó bá gbé ìdérí ọ̀kan fún èkejì, tàbí tí ó yí i sódì, bẹ́ẹ̀rìngì ni ó pa. Ẹ fi èékánná fa ojú ìlà náà: bí èékánná bá kọ́, kò tíì jókòó.

Orí písítìnì wọn máa ń ní gegele kékeré kan. Ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́ ni kí ó kọjú sí ọ̀nà èéfín. Ibi tí ó dúró ṣánṣán, kí ó kọjú sí ibi tí epo ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ ni kí a fi yí kráńkì kí a tó rọ epo sí i. Bí ó bá há, kí a tú u padà, kí a má fi òòlù bá a sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Rọ́bà tí ó ń fa omi tútù, kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ dára lójú. Inú pẹtiróòlù ni a sì ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí, asán ni gbogbo làálàá rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinía. Ìwé lè sọ ìwọ̀n fún wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó mọ ìgbà tí nǹkan jókòó. Mẹkáníìkì etí ọ̀sà mọ èyí láìní ìwé-ẹ̀rí. Bí a bá délé, ẹ má jẹ́ kí a fojú tín-ínrín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé wa kún ọwọ́ rẹ̀, kí èrò lè máa gúnlẹ̀ láyọ̀.