Ọmọ Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Jókòó

Àwọn ìyá a máa fi ọmọ wọn wé ọmọ aládùúgbò. Bí ti aládùúgbò bá ti ń rìn, tí tiwọn sì ń rá kòrò síbẹ̀, ọkàn wọn kì í balẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ kì í rìn ní ìgbà kan náà. Ní ọdún 2006 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwọ̀n kan jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn le ní orílẹ̀-èdè 5, tí Ghana jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n rí i pé láti bí oṣù 4 títí dé oṣù 9 ni ọmọ ń dá jókòó, àti láti bí oṣù 8 títí dé bí oṣù 18 ni ó ń dá rìn. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé ńkọ́? Láti ọjọ́ tí ó yẹ kí a bí i ni kí a ti ka tirẹ̀.

Bí ìwọ̀n wọ̀nyí bá ré kọjá, tàbí bí ara ọmọ bá rọ̀ jù tàbí tí ó gan, ó yẹ kí a bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bí i. Ọmọ tí kò ké nígbà tí a bí i wà nínú ewu, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tètè dé ọpọlọ rẹ̀. Ibà tí ó wọ ọpọlọ, àti àìjẹun-kánú pẹ̀lú, a máa fa ọmọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibà apọ́njú ọmọ tuntun ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé a lè dá a dúró bí a bá tètè rí i.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbó, a máa fọ́, ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti pupa ẹyin a sì jáde láti inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń gbá a dànù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára. Nítorí náà ni ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń pọ́n díẹ̀, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ ju bí ẹ̀dọ̀ ti lè gbá a lọ, nǹkan náà a wọ ọpọlọ, a sì ba ibi tí ń darí apá, ẹsẹ̀ àti etí jẹ́. Bí ó bá ti bà á jẹ́ tán, kò sí oògùn tí ó lè tún un ṣe.

Ó tó ẹnì kan nínú ọkùnrin 5 ní ilẹ̀ Yorùbá tí a bí àléébù kan mọ́, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, èyí tí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè fọ́ bí ó bá pàdé àwọn nǹkan kan. Káńfọ̀ tí a fi ń lé aáyán kúrò nínú àpótí aṣọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyá kan tí mo mọ̀ fi káńfọ̀ tọ́jú aṣọ ẹ̀gbọ́n de àbúrò. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà. Kí ọjọ́ 2 tó kọjá, ojú ọmọ ti pọ́n. Omi ìbẹ́pẹ ni wọ́n ń fún un, wọ́n sì ń gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún 3, kò tíì lè dá jókòó.

Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí ibi tí aṣọ ọmọ wà rárá. Fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ẹ máa wo ẹyinjú rẹ̀, èrìgì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ojúmọmọ. Bí ojú bá pọ́n kí ọjọ́ kìíní tó pé, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá pọ́n, bí ọmọ kò bá mu ọyàn, tàbí bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀ bí ọrun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Wọn yóò tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ aró, tí ń yí nǹkan náà padà kí ara lè tì í jáde. Bí ó bá sì ti pọ̀ jù, wọn a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ tí ó ti fà sẹ́yìn ńkọ́? Ẹ má ṣe fi í pamọ́ sí yàrá. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ni a ti ń rí àwọn tí ń kọ́ ìyá bí a ti ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó, àti bí a ti ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n má baà gan. Bí ó bá sì ti kéré tó nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ni ó ti dára tó.